Ìbọn Kò Mọ Ọmọ Onílé

Ẹni tó gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí lórí rédíò lè wá fi ojú ara rẹ̀ kà á nísinsìnyí. Ẹ kà á díẹ̀díẹ̀. Ẹ kà á sókè fún ẹni tí kò tíì mọ̀ ọ́n kà. Ọ̀rọ̀ yìí kan gbogbo ilé.

Ọ̀rọ̀ wa tòní dá lórí ìbọn. Kì í ṣe ìbọn àwọn ṣọ́jà ni à ń wí. Ìbọn ọdẹ ni, ìbọn ṣakabùlà tí alágbẹ̀dẹ rọ, èyí tí a fi kọ́ ògiri ní yàrá bàbá, tàbí èyí tó fara ti igun ahéré lóko. Ìbọn oníkàtúùṣì tí àwọn mìíràn ń lò wà nínú ọ̀rọ̀ náà pẹ̀lú.

ỌDẸ KÌ Í ṢE Ọ̀TÁ WA

A kò wá bá ọdẹ jà. Ọdẹ ni ó ń lé ọ̀yà àti ọ̀bọ kúrò lórí àgbàdo wa. Ọdẹ ni ó ń ṣọ́ ìlú lóru nígbà tí àwa ń sùn. Bí àgbà ọdẹ bá kú, ìbọn ni àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ fi ń dágbére fún un.

Àwọn baba wa ti mọ ìbọn tipẹ́. Nígbà tí ogun Dàhómì kó Kétu ní ọdún 1886, ìbọn tí a ń ki láti ẹnu wà lọ́wọ́ àwọn ológun ìgbà náà. Ṣakabùlà tí ọ̀pọ̀ ọdẹ wa ń lò lónìí, ọ̀nà kan náà ni ó ń gbà ṣiṣẹ́.

Nítorí náà, a kò sọ pé kí ọdẹ sọ ìbọn rẹ̀ nù. Ohun tí a ń sọ ni pé inú igbó ni iṣẹ́ ìbọn wà, kì í ṣe inú ilé. Àwọn àgbà wí pé bí ikú ilé kò bá pani, tòde kò lè pani. Ẹ jẹ́ kí a wo bí ìbọn ṣe ń di ikú ilé.

BÍ Ó ṢE MÁA Ń ṢẸLẸ̀

Ẹ fi ojú inú wo ọdẹ kan. Ó ki ìbọn rẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́, ó gba igbó lọ. Ó rìn títí, kò rí ẹran kan. Nígbà tí ilẹ̀ fẹ́ mọ́, ó yí padà sílé. Ẹ̀tù ṣì wà nínú ìbọn, ọta ṣì wà nínú rẹ̀. Ó rò ó nínú ara rẹ̀ pé: «Ẹ̀tù ti wọ́n jù. Èé ṣe tí n ó fi yìn ín dànù? Alẹ́ ọ̀la n ó tún lọ.» Ó dé ilé, ó ti rẹ̀ ẹ́. Ó fi ìbọn ti ògiri, ó sùn lọ.

Ilẹ̀ mọ́. Ìyàwó rẹ̀ ń gbálẹ̀. Ìgbálẹ̀ kan ìdí ìbọn, ìbọn yẹ̀, ó ṣubú lulẹ̀, ó sì dún.

Tàbí kí ó jẹ́ pé ìyàwó gbálẹ̀ tán láìsí ewu. Ó lọ pọn omi. Ọmọ ọdún méje wọ yàrá. Ó ti ń rí bí bàbá rẹ̀ ṣe ń gbé ìbọn lé èjìká. Ó fẹ́ ṣe bíi bàbá. Ó gbé e, ó kọ ọ́ sí àbúrò rẹ̀, ó ní: «Ìwọ ni ọ̀yà, èmi ni ọdẹ.»

Tàbí kí ó jẹ́ àlejò ni ó wọlé, ọ̀rẹ́ àtọjọ́. Ó ní: «Ìbọn yìí mà dára o! Ta ni ó rọ ọ́?» Ó mú un, ó ń yẹ̀ ẹ́ wò, ìka rẹ̀ wà níbi tí kò yẹ kó wà.

Ẹ wo ilé yìí dáadáa. Kò sí ìjà nínú rẹ̀. Kò sí olè, kò sí ọ̀tá. Ìyàwó kò ṣe ju iṣẹ́ ilé lọ. Ọmọ kò ṣe ju eré ọmọdé lọ. Àlejò kò ṣe ju kí ó yin ohun tó rí lọ. Ta ni kí a wá dá lẹ́bi? Kí ẹnikẹ́ni nínú wọn tó fọwọ́ kan ìbọn, ẹ̀tù ti wà nínú rẹ̀. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wà. Owó ẹ̀tù ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni bàbá fẹ́ tọ́jú. Ẹ̀yin tí ẹ ti kọ́ ìṣirò ní kíláàsì, ẹ bá wa ṣe é: ẹ̀tù ẹ̀ẹ̀kan, èló ni? Orí ọmọ kan ńkọ́?

OHUN TÓ WÀ NÍNÚ ÌBỌN

Ẹni tó bá mọ bí nǹkan ṣe ń ṣiṣẹ́ ni ó mọ bí yóò ṣe ṣọ́ra fún un. Ẹ̀tù dúdú ni oúnjẹ ṣakabùlà. Èédú wà nínú rẹ̀, imí ọjọ́ wà nínú rẹ̀, ohun funfun kan tó dà bí iyọ̀ sì wà nínú rẹ̀. Ohun tó dà bí iyọ̀ yìí ni ó ń fún iná ní èémí. Ìdí nìyí tí ẹ̀tù fi ń jó nínú irin tí a ti dí pa, níbi tí igi kò lè jó. Ẹ̀tù kì í jó díẹ̀díẹ̀. Ó ń jó lẹ́ẹ̀kan náà. Èéfín rẹ̀ á pọ̀ lójijì, kò ní rí ibi gbà, á sì ti ọta jáde gba ẹnu ìbọn.

Iná kékeré kan ṣoṣo ni ẹ̀tù ń dúró dè. Nínú àwọn ìbọn kan, òkúta ni ó ń gbá irin tó fi ń ta iná. Nínú àwọn mìíràn, ìdérí kékeré kan ni a fi dé ihò tó wà létí ìbọn. Bí òòlù ìbọn bá lu ìdérí náà, yóò ta iná, iná yóò gba inú ihò bá ẹ̀tù.

Ẹ ṣàkíyèsí èyí. Ìdérí náà kò bèèrè ohun tó mú kí òòlù lu òun. Ìka ọdẹ lè fà á. Bí ìbọn bá ṣubú, ilẹ̀ lè gbá a. Okùn àpò lè kọ́ ọ. Ẹ̀ka igi lè fà á. Ọwọ́ ọmọdé lè tẹ̀ ẹ́. Bí ìbọn bá sì ti gbó, eyín irin tó ń dá òòlù dúró lè ti jẹ, kí òòlù sì já fúnra rẹ̀ nígbà tí ẹnikẹ́ni kò fọwọ́ kàn án.

Àwọn àgbà ti mọ èyí tipẹ́, wọ́n fi ń pa á lówe pé: «Ìbọn ní apátí, kò ní apátí, ta ni yóò jẹ́ kí a kọ ọ́ sí òun?» Bí ìbọn pé, bí kò pé, bí ẹ̀tù wà nínú rẹ̀, bí kò sí, ẹnikẹ́ni kì í dúró níwájú ẹnu rẹ̀.

OHUN TÍ À Ń WÍ LÁTI GBÈJÀ ARA WA

Bí a bá ń sọ ọ̀rọ̀ yìí ní kíláàsì, àwọn bàbá máa ń fèsì. Ó dára kí a gbọ́ èsì wọn, kí a sì dá wọn lóhùn tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀.

Èkíní: «Kò sí nǹkan nínú rẹ̀.» Ọ̀rọ̀ yìí ni ó léwu jù lọ nínú gbogbo ọ̀rọ̀ tí à ń sọ nípa ìbọn. Ta ni ó wò ó? Nígbà wo ni ó wò ó? Ìbọn tí ẹ gbé kọ́ lánàá ní òfìfo, ǹjẹ́ ẹ mọ̀ bí àbúrò yín ti yá a lóru láti fi ṣọ́ oko? Ẹni tó fi ojú ara rẹ̀ wò ó nísinsìnyí nìkan ni ó lè sọ pé kò sí nǹkan nínú rẹ̀.

Èkejì: «Àwọn ọmọ mi mọ̀ pé èèwọ̀ ni. Wọn kò jẹ́ fọwọ́ kàn án.» Bàbá, òótọ́ ni pé wọ́n bẹ̀rù yín. Ṣùgbọ́n èèwọ̀ kì í ṣe àgádágodo. Ohun tí bàbá bá ń ṣe ni ọmọ ń fẹ́ ṣe. Bí ó bá ń bẹ̀rù yín nígbà tí ẹ wà nílé, ìgbà tí ẹ bá lọ sí oko ńkọ́? Àwọn ọmọ aládùúgbò tó wá bá a ṣeré, ta ni ó ti sọ èèwọ̀ náà fún wọn?

Ẹ̀kẹta: «Mo gbé e sókè lórí àjà. Ọwọ́ wọn kò lè tó o.» Ọmọ tó fẹ́ mú ẹran nínú ìkòkò ọbẹ̀ mọ bí a ṣe ń gun odó. Ẹni tó lè gun odó mú ẹran lè gun un mú ìbọn.

Ẹ̀kẹrin: «Bí olè bá dé lóru ńkọ́? Kí ni ìbọn òfìfo yóò ṣe fún mi?» Èyí ni ọ̀rọ̀ tó lágbára jù, nítorí olè wà lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ẹ rò ó wò. Òkùnkùn ni. Oorun ṣì wà lójú yín. Ẹ gbọ́ ìró ẹsẹ̀ lẹ́yìn ilé. Ta ni ó wà níbẹ̀? Ó lè jẹ́ olè. Ó sì lè jẹ́ ọmọ yín tó lọ ṣe gáà, tàbí ìyá yín tó jáde lọ tọ̀, tàbí aládùúgbò tí ìyàwó rẹ̀ ń rọbí tó wá pè yín. Ọta tó bá ti jáde kò ṣeé pè padà. Ariwo «Olè! Olè!» a máa jí gbogbo abúlé, kì í sì í pa ọmọ ẹni. Iná tọ́ọ̀ṣì, ajá tó ń gbó, ìlẹ̀kùn tó tì dáadáa, àwọn ọdẹ ìlú tó ń ṣọ́ ọ̀nà: ìwọ̀nyí ni ẹ fi sí iwájú.

OHUN MÉJE TÍ Ó YẸ KÍ A ṢE

1. Ìbọn kò gbọdọ̀ wọ ilé pẹ̀lú ẹ̀tù nínú. Kí ọdẹ tó dé abúlé, kí ó wá ibi tí kò sí ọ̀nà, tí kò sí ahéré, tí kò sí ènìyàn. Kí ó yin ìbọn sí inú ilẹ̀ rírọ̀ níwájú rẹ̀. Kí ó má yìn ín sí òkúta, nítorí ọta a máa ta padà. Kí ó má yìn ín sí ojú omi, nítorí ọta a máa fò lórí omi. Kí ó má yìn ín sí òkè, nítorí ohun tó bá lọ sókè yóò padà wá sílẹ̀, a kò sì mọ orí ẹni tí yóò bá. Bí ó bá jẹ́ ìbọn oníkàtúùṣì, iṣẹ́ náà rọrùn: ẹ ṣí i, ẹ yọ kàtúùṣì, ẹ wo inú ihò, kí ẹ sì fi ìka kàn án kí ó lè dá yín lójú. Bí ẹ̀tù bá ti di nínú ṣakabùlà tí kò sì ṣeé yìn, ẹ yọ ìdérí tàbí ẹ̀tù tó wà létí rẹ̀, kí ẹ má fi irin gún un fúnra yín. Àgbà ọdẹ tàbí alágbẹ̀dẹ tó mọ̀ ọ́n yọ ni kí ẹ lọ bá.

2. Ẹ fi àmì sí ọ̀pá tí ẹ fi ń ki ìbọn. Nígbà tí ìbọn bá ṣófo, tó sì dá yín lójú pé ó ṣófo, ẹ ti ọ̀pá náà bọ inú rẹ̀ títí yóò fi dé ìsàlẹ̀. Ẹ fi ọ̀bẹ fa ìlà sí ara ọ̀pá níbi tó bá ẹnu ìbọn dọ́gba. Láti ọjọ́ náà lọ, ọ̀pá yín ti di ìwé, ẹ̀yin náà sì lè kà á. Bí ìlà bá dé ẹnu ìbọn, ìbọn ṣófo. Bí ìlà bá dúró sókè, nǹkan wà nínú rẹ̀. Ẹ má ṣe fi ojú wo inú ẹnu ìbọn láé. Ẹ má sì fi ẹnu fẹ́ ẹ. Bí ẹ bá sì ń ti ọ̀pá bọ̀ ọ́, kí orí yín àti àyà yín má ṣe wà lókè ẹnu rẹ̀.

Ọ̀pá yìí ní èrè mìíràn. Ẹlòmíràn a máa gbàgbé pé òun ti ki ìbọn lánàá, a sì tún ki ẹ̀tù mìíràn lé e. Ìbọn tí a ki lẹ́ẹ̀mejì lè bẹ́, kí ó gé ìka ọdẹ tàbí kí ó fọ́ ọ lójú. Irin tó ti dógùn-ún a máa bẹ́ bákan náà. Bẹ́ẹ̀ ni èyí tí wọ́n fi páìpù omi rọ: a kò ṣe páìpù omi fún agbára ẹ̀tù.

3. Ẹ máa ka gbogbo ìbọn sí èyí tó ní ẹ̀tù nínú. Ẹ má kọ ẹnu rẹ̀ sí ènìyàn, ì báà jẹ́ nínú eré, ì báà jẹ́ nínú ìbínú, ì báà jẹ́ nígbà tí ẹ bá ń nù ún. Bí ẹ bá ń rìn, kí ẹnu rẹ̀ má ṣe wà lẹ́yìn ọ̀run ẹni tó wà níwájú. Bí ẹ bá gun alùpùpù, kí ìbọn ṣófo pátápátá, nítorí gbogbo kòtò ojú ọ̀nà ni yóò máa mì ín.

4. Ìka kò gbọdọ̀ wọ ibi apátí títí ẹ ó fi rí ẹran náà kedere, tí ẹ ó sì mọ ohun tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Ewé tó ń mì kì í ṣe ẹran. Ojú tó ń dán lóru lè jẹ́ ti ẹran ọ̀sìn. Ìró ẹsẹ̀ nínú igbó lè jẹ́ ti obìnrin tó ń ṣẹ́gi.

5. Ẹ ya ìbọn àti oúnjẹ rẹ̀ sọ́tọ̀. Kí ìbọn wà nínú àpótí tó ní àgádágodo, tàbí kí ẹ fi ṣéènì àti àgádágodo dè é mọ́ òpó ilé. Kí ẹ̀tù, ọta, ìdérí àti kàtúùṣì wà níbòmíràn, kí àwọn náà ní títì tiwọn. Kí kọ́kọ́rọ́ wà lára ẹni tó ni ìbọn. Lábẹ́ ẹní kì í ṣe ibi ìpamọ́: ibẹ̀ ni ọmọdé ti kọ́kọ́ ń wò.

6. Bí ẹ bá fa ìbọn tí kò dún, ẹ má yí i padà wò. Iná lè ṣì máa rá díẹ̀díẹ̀ lọ bá ẹ̀tù tó ti tutù. Ẹ kọ ẹnu rẹ̀ sí ilẹ̀ tí kò sí ènìyàn. Ẹ ka ení, èjì, ẹ̀ta, títí dé 100, láìkánjú. Lẹ́yìn èyí ni kí ẹ tó fọwọ́ kan ìdérí rẹ̀.

7. Ẹ kọ́ àwọn ọmọ. Kí a fi nǹkan pamọ́ fún ọmọ nìkan kò tó. Ẹ sọ fún un pé bí ó bá rí ìbọn níbikíbi, nílé wa tàbí nílé ẹlòmíràn, kí ó dúró, kí ó má fọwọ́ kàn án, kí ó kúrò níbẹ̀, kí ó lọ pe àgbà. Ẹ jẹ́ kí ó máa tún un sọ títí yóò fi mọ́ ọn lórí. Bí ọmọ bá sì wá sọ fún yín pé òun rí ìbọn, ẹ má nà án. Ẹ yìn ín. Ọmọ tí a nà lónìí nítorí pé ó sọ̀rọ̀ yóò dákẹ́ lọ́la.

ILÉ Ẹ̀TÙ

Ẹ̀tù fúnra rẹ̀ lè jó ilé láìsí ìbọn. Ẹ má ṣe fi í sí ìdí ààrò. Ẹ má gbé e sí orí àjà tí èéfín ìdáná ń gbà kọjá. Bí ó bá tutù, ẹ má yan án lórí iná, ẹ má sì gbé e sí ẹ̀gbẹ́ iná. Ọ̀pọ̀ ojú àti ọwọ́ ti jóná níbẹ̀. Ẹ má fa sìgá nítòsí rẹ̀. Ẹ má lo àtùpà oníná láti fi wò ó lóru, tọ́ọ̀ṣì ni kí ẹ lò. Ẹ má fi irin ha á nínú agolo, nítorí irin àti irin lè ta iná. Ṣíbí igi ni kí ẹ fi bù ú. Díẹ̀ tí ẹ nílò ni kí ẹ rà.

Ẹ̀yin tí ẹ ti mọ̀wé kọ, iṣẹ́ yín rèé. Ẹ mú pákó pẹlẹbẹ tàbí bébà, ẹ kọ ọ́ ní lẹ́tà gàgàrà: Ẹ̀TÙ. EWU. Ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara agolo náà. Agolo ẹ̀tù àti agolo ata gígún a máa jọra lójú ẹni tó ń kánjú dáná.

NÍBI ÒKÚ ÀTI NÍBI ỌDÚN

Bí àgbà ọdẹ bá kú, tàbí bí a bá ń ṣọdún Ògún, ìbọn yóò dún. Àṣà wa ni, a kò kọ̀ ọ́. Ṣùgbọ́n ibi tí èrò bá pọ̀ sí, tí sódabì sì ń yí ká, kò yẹ kí ìbọn wà lọ́wọ́ ẹni tó ti mu. Kí olúọdẹ yan ibi kan sọ́tọ̀ lẹ́yìn èrò. Kí ó yan àwọn tí yóò yìn ín, kí àwọn yẹn má fi ẹnu kan sódabì títí ariwo ìbọn yóò fi parí. Kí wọ́n ki ẹ̀tù nìkan láìsí ọta. Síbẹ̀, kí wọ́n má kọ ọ́ sí ẹnikẹ́ni, nítorí iná àti èdìdì tó ń jáde lẹ́nu ìbọn tó wà nítòsí lè pa ènìyàn pẹ̀lú. Kí àwọn ọmọdé jìnnà sí ibẹ̀.

Ọ̀rọ̀ kan kù níbẹ̀. Àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin kan a máa gba àyẹta, wọn a ní kí ọ̀rẹ́ àwọn yin ìbọn sí àwọn kí àwọn lè dán an wò. A kò fẹ́ bá oníṣègùn kan jiyàn. A kàn ń bèèrè ohun kan: bí ìdánwò náà bá kùnà, ta ni yóò padà sọ fún oníṣègùn pé kó tún un ṣe? Àwọn ọ̀dọ́ ti kú báyìí, àwọn ọ̀rẹ́ wọn tó yin ìbọn sì lọ sí ẹ̀wọ̀n. Ẹ má jẹ́ kí ọmọ yín dán ìbọn wò lára.

BÍ Ó BÁ TI ṢẸLẸ̀

Ẹ má sá. Ẹ gba ìbọn kúrò níbẹ̀ kí ó má tún ṣe ẹlòmíràn. Ẹ tẹ́ ẹni náà sílẹ̀. Bí àyà rẹ̀ ni ọta bá, tí kò sì lè mí dáadáa, ẹ gbé e jókòó díẹ̀, kí ẹ fi nǹkan tì í lẹ́yìn.

Ẹ mú aṣọ tó mọ́, ẹ tẹ̀ ẹ́ mọ́ ojú ọgbẹ́ gírígírí, ẹ má ṣí i wò léraléra. Bí ẹ̀jẹ̀ bá là á kọjá, ẹ fi aṣọ mìíràn lé e lórí, kí ẹ máa tẹ̀ ẹ́ lọ. Ẹ má fi ọ̀bẹ wá ọta. Ẹ má da ẹ̀tù, epo, karosíìnì, ewé tàbí eérú sí i. Ẹ má fún un ní sódabì, ẹ má fún un ní oúnjẹ. Ẹ fi aṣọ bò ó kí òtútù má mú un. Bí ó bá jẹ́ pé iná ẹ̀tù ni ó jó o, ẹ máa da omi tútù tó mọ́ sí ojú ibẹ̀ fún ìṣẹ́jú 20, ẹ má fi òróró pa á.

Lẹ́yìn náà, ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbà lọ lójú ẹsẹ̀, pẹ̀lú ọkọ̀ tàbí zémìjàn, ohunkóhun tó bá kọ́kọ́ yá. Kí ẹnì kan jókòó lẹ́yìn rẹ̀, kí ó máa tẹ ọgbẹ́ náà lọ. Ọgbẹ́ ìbọn tó kéré lójú lè jìn nínú. Bí ọgbẹ́ bá tilẹ̀ kéré, ẹ bèèrè abẹ́rẹ́ tẹ́tánọ́ọ̀sì, àrùn tó ń di ènìyàn ní àgbọ̀n.

Àwọn ènìyàn kan a máa fi ẹni tó gbọgbẹ́ pamọ́ nítorí ìbẹ̀rù ọlọ́pàá. Wọn a ní: «Ìbọn wa kò ní ìwé. Ẹ jẹ́ kí a tọ́jú rẹ̀ nílé.» Ẹ̀jẹ̀ kò mọ̀ bóyá ìbọn ní ìwé. Ó ń dà ni. Ọ̀rọ̀ ìwé ṣeé sọ lọ́la. Ẹ̀jẹ̀ tó bá ti tán kò ṣeé dá padà.

Ẹ má sì gbàgbé ẹni tó yin ìbọn náà. Bí ó bá jẹ́ ọmọdé, òun náà ti gbọgbẹ́ tí a kò lè fojú rí. Ẹ má pè é ní apànìyàn. Ẹ má fi í sílẹ̀ ní òun nìkan.

Ọ̀RỌ̀ ÌWÉ ÀṢẸ

Ní ọjọ́ 14 oṣù kẹfà ọdún 2006, àwọn orílẹ̀-èdè CEDEAO, tí Bẹ̀nẹ̀ àti Tógò wà nínú wọn, ṣe ìwé àdéhùn kan ní Àbújá lórí ọ̀rọ̀ ìbọn. Àdéhùn náà sọ pé ẹni tó fẹ́ ní ìbọn gbọ́dọ̀ gba àṣẹ lọ́wọ́ ìjọba, kí ó fihàn pé ibi tó ní ààbò ni òun yóò fi í sí, àti pé òun yóò ya ọta rẹ̀ sọ́tọ̀. Ẹ rí i pé ohun tí a sọ ní ẹsẹ̀ karùn-ún lókè kì í ṣe ọ̀rọ̀ kíláàsì wa nìkan. Bí ìbọn yín kò bá ní ìwé, ẹ lọ bá olórí abúlé àti olúọdẹ, kí wọ́n fi ọ̀nà hàn yín. Ẹ̀yin tí ẹ ti mọ̀wé, ẹ bá àwọn bàbá wa ka ìwé àṣẹ náà kí wọ́n tó fi ọwọ́ tẹ̀ ẹ́.

Ẹ̀YIN ÌYÁ ILÉ

Ẹ̀yin ni ẹ ń gbálẹ̀ ní ìdí ìbọn. Ẹ̀yin ni ẹ wà nílé pẹ̀lú àwọn ọmọ. Nítorí náà ẹ ní ẹ̀tọ́ láti bèèrè. Bí baálé bá ti igbó dé, ẹ kí i, ẹ bu omi fún un mu, kí ẹ wá bèèrè jẹ́jẹ́ pé: «Bàbá wọn, ẹ jọ̀ọ́, ṣé ìbọn ti ṣófo?» Kì í ṣe àfojúdi. Kí ẹ̀yin bàbá má sì bínú sí i. Ẹ mú ọ̀pá yín, ẹ ti í bọ inú ìbọn, ẹ fi ìlà hàn án. Ìṣẹ́jú kan kò ní tán lórí rẹ̀, gbogbo ilé yóò sì sùn dáadáa.

Ó dàbọ̀ o. Kí Ọlọ́run má jẹ́ kí a rí ikú ilé.

ÌBÉÈRÈ FÚN ÌJÍRÒRÒ NÍ KÍLÁÀSÌ

1. Ìbọn mélòó ni ó wà ní agbo ilé yín? Ta ni kọ́kọ́rọ́ wọn wà lọ́wọ́ rẹ̀?
2. Kí ni ìlà ara ọ̀pá ń sọ fún ọdẹ?
3. Bí ọmọ yín bá rí ìbọn nílé ọ̀rẹ́ rẹ̀, kí ni yóò ṣe? Ẹ bi í léèrè lálẹ́ yìí.
4. Dárúkọ ohun mẹ́ta tí a kò gbọdọ̀ fi sí ọgbẹ́ ìbọn.

Ẹ KA ÀWỌN Ọ̀RỌ̀ WỌ̀NYÍ, Ẹ SÌ KỌ WỌ́N SÍNÚ ÌWÉ YÍN

ìbọn – ẹ̀tù – ọta – ọ̀pá – ìlà – òfìfo – àgádágodo – ewu – ọgbẹ́

Ẹ kọ gbólóhùn yìí lẹ́ẹ̀mẹ́ta: Ìbọn kò gbọdọ̀ wọ ilé pẹ̀lú ẹ̀tù nínú.